Omi Lákọ̀ọ́kọ́, Èèrà Ṣìkejì, Èpò Nígbẹ̀yìn: Ìtọ́jú Koríko Tuntun ní Houston

Ọkọ̀ akẹ́rù já koríko sílẹ̀ níwájú ilé yín láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ bí ẹni ń tẹ́ ẹní, nígbà tí yóò sì fi di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí àwọn akọ́lé fi sílẹ̀ ti di pápá tútù minimini. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ewé kan tí ẹ kò rà ti yọrí láàárín ojú ibi tí koríko ti pàdé koríko, òkìtì erùpẹ̀ rírọ̀ kan sì ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá tẹ òkìtì yẹn mọ́lẹ̀ láìwọ bàtà ni yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí ń gbé inú rẹ̀.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ilé ní Houston, Katy, Richmond tàbí Pearland ni mo kọ orí yìí fún. Ohun tí ó mú iṣẹ́ náà le ni pé nǹkan mẹ́ta tí a fẹ́ ṣe ń bá ara wọn jà. Koríko tuntun ń fẹ́ omi lójoojúmọ́. Ìjẹ olóró tí a fi ń pa èèrà kò fẹ́ kí omi kan òun rárá. Oògùn èpò ní tirẹ̀ lè ba gbòǹgbò koríko tí kò tíì rílẹ̀ dì mú jẹ́. Bí ẹ bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sọ́sẹ̀ kan náà, owó mẹ́ta lẹ ó ná, èèrà àti èpò ni yóò sì jẹ gàba lórí èyí tó bá ṣẹ́ kù. Mo ti ṣe é rí, n óò sọ ọ́ láìpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti omi

Nígbà tí wọ́n ń gé koríko tí wọ́n ń pè ní sod lóko, ọ̀pọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ ló ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ó bá a dé ọ̀dọ̀ yín kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ ní jíjìn. Títí tí gbòǹgbò tuntun yóò fi wọlẹ̀, ó dà bí aláìsàn tí a ń fi ṣíbí fún lómi: díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí ó bá dé gan-an, nítorí bó bá sùn mọ́jú nínú òkìtì tí wọ́n tò ó sí, ooru yóò bẹ̀rẹ̀ sí sè é. Kí ìdajì wákàtí tó kọjá lẹ́yìn tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, kí omi ti kàn án.

Lọ́sẹ̀ kìíní, pàápàá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fún un lómi lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé igun kan sókè kí ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kó tutù, kò yẹ kó di ẹrẹ̀. Ilẹ̀ Houston, tí wọ́n ń pè ní gumbo, kì í mu omi kíákíá. Bí ẹ bá rí i pé omi ti ń ṣàn lọ sójú títì, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó mu èyí tó ti rí, kí ẹ tó tún tan án. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ máa fo ọjọ́ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n kí omi náà pẹ́ díẹ̀ kó lè wọlẹ̀ jìnnà, nítorí ibi tí omi bá wà ni gbòǹgbò ń tọ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, ínṣì kan lọ́sẹ̀ ti tó, òjò wà nínú rẹ̀. Ẹ to agolo ẹja tuna mẹ́rin tó ṣófo sórí koríko, kí ẹ tan ẹ̀rọ afọ́nmi, kí ẹ sì wo iye ìṣẹ́jú tí omi fi ga tó ínṣì kan nínú wọn. Iye yẹn kì í dọ́gba láti ilé kan sí èkejì, ẹ má bi aládùúgbò.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àkókò omi. Koríko tí ó bá fi omi alẹ́ sùn ń bí àrùn olú tí ń sọ ọ́ di àbàwọ́n róbótó aláwọ̀ ilẹ̀, pàápàá bí ojú ọjọ́ bá ti ń tutù lóṣù Kẹwàá.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Nígbà tí ẹ bá fa koríko náà sókè tí kò gbà fún yín, ó ti rídìí, ẹ lè gé e. Bó bá jẹ́ St. Augustine, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí ó sì wọ́pọ̀ jù níbí, ẹ fi í sílẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta. Bó bá jẹ́ Bermuda, ínṣì kan àbọ̀ dára. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé lè ti wà nínú àpótí yín nítorí pé koríko ga. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ fún wọn pé tuntun ni.

Ajílẹ̀ lè dúró di oṣù kan, ó kéré tán. Ibí ni mo ti ṣì í. Lọ́sẹ̀ kejì tí a kó délé wa, mo rí èpò mẹ́ta péré, ni mo bá ra àpò kan tí wọ́n kọ “weed and feed” sí lára: ajílẹ̀ àti oògùn èpò pa pọ̀ nínú àpò kan. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, koríko ti pọ́n bí ewé àgbàdo inú ọyẹ́. Ẹ̀yìn àpò náà ti kìlọ̀ pé kí a má lò ó fún koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Lẹ́yìn tó ti bà jẹ́ tán ni mo tó yí àpò náà kà.

Èèrà iná

Ẹni tó bá mọ tanpẹ́pẹ́ yóò rò pé òun ti mọ èèrà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, láàárín Brazil àti Argentina. Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé èbúté Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940. Ọmọ ilé ìwé kan tí ń kiri ilẹ̀ òfìfo ládùúgbò rẹ̀ ní Mobile lọ́dún 1942 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí òkìtì rẹ̀. E. O. Wilson lorúkọ ọmọ náà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ nípa èèrà lágbàáyé. Láti Mobile, èèrà náà tàn dé Texas. Lọ́dún 1958 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó erùpẹ̀ tàbí koríko sod láti àgbègbè tí ó ti gbilẹ̀ lọ sí ibi tí kò tíì dé láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n oko koríko àti ilé yín jọ wà nínú àgbègbè tí ó ti gbilẹ̀ náà ni. Ìdí nìyí tí ó fi lè bá koríko wọlé láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Bí kò bá sì bá koríko wọlé, yóò fò wá: ìyá èèrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún máa ń wá ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, tí oòrùn ń ta sí, láti kọ́lé. Kò sí ibi tó bá àpèjúwe yẹn mu bí iwájú ilé tuntun.

Òkìtì rẹ̀ kò ní ihò lójú. Ẹ fi igi gígùn kàn án, bí wọ́n bá tú síta lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n sì ń gun igi náà bọ̀ wá bá ọwọ́ yín, àwọn ni. Ẹ ju igi náà nù. Ó ń fi ẹnu di awọ ara mú, yóò wá máa fi ìdí ta yíká ojú kan náà. Nítorí náà omi kò lè ṣan án kúrò, ẹ fi ọwọ́ gbá a dànù kíákíá. Lọ́jọ́ kejì, ojú ibẹ̀ yóò wú, yóò ní orí funfun bí oówo kékeré. Ẹ má tú u. Ẹ fi omi dídì lé e. Bí ọ̀fun ẹni tí ó ta bá ń dí, tí ojú rẹ̀ ń wú, tàbí tí òyì ń kọ́ ọ, 911 ni kí ẹ pè. Kì í ṣe àkókò àdí àgbọn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká yanjú ti kẹrosíìnì. Mo mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn, nítorí òun la fi ń lé ìjàlọ nílé. Níbí, kẹrosíìnì tàbí epo bẹntiróòlù tí ẹ bá dà sílẹ̀ yóò pa koríko tí ẹ fowó rà, yóò ba ilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó lè gbiná, ó sì lòdì sófin. Omi híhó ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, tó bá tó gálọ́ọ̀nù mẹ́ta lórí òkìtì kan, ṣùgbọ́n kì í pa gbogbo wọn, ó sì ń se koríko mọ́ ibẹ̀. Wọ́n á tún sọ fún yín pé àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní grits máa ń wú nínú èèrà títí yóò fi bẹ́. Irọ́ ni. Èèrà iná tí ó ti dàgbà kì í gbé ohun líle mì. Epo àti omi oúnjẹ nìkan ló ń fà. Ohun líle, ìdin wọn ni wọ́n ń gbé e fún.

Inú òtítọ́ kékeré yìí ni gbogbo ọgbọ́n ìjẹ olóró ti wá. Ẹ̀rún àgbàdo ni ìjẹ náà, tí wọ́n rẹ sínú epo sóyà, oògùn sì wà nínú epo. Àwọn òṣìṣẹ́ èèrà á gbé e wọlé gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, wọ́n á fi ẹnu pín in fún ara wọn àti fún ìdin, yóò sì dé ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ìyá kò bá kú, iṣẹ́ kò tíì ṣe, nítorí ó lè yé ẹyin tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ lóòjọ́, àwọn ilé mìíràn sì ní ju ìyá kan lọ. Fún ìdí èyí, oògùn tó dára gbọ́dọ̀ falẹ̀. Bó bá pa agbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ta ni yóò gbé e dé ìyẹ̀wù? Èyí tí ó ní indoxacarb nínú lè parí iṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Hydramethylnon lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Methoprene àti pyriproxyfen kì í pa àgbà, ìbímọ ni wọ́n ń dí, ó lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ ka ara àpò láti mọ èyí tí ẹ rà.

Ìjà omi àti ìjẹ wá rèé. Omi ń ba epo jẹ́ lára àgbàdo, lẹ́yìn náà kò sí èèrà tí yóò yà á sí. Nítorí náà, ẹ má fọ́n ìjẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Owó òfo ni. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, òkìtì tó bá wà níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà nìkan ni kí ẹ dojú kọ, kí ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀. Ẹ ra oògùn olómi tí ó ní “fire ant” lára, ẹ pò ó mọ́ omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ rọra dà á sórí òkìtì náà láìtú u, láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ìyá wà lókè nítòsí ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tàbí ṣọ́bìrì tú òkìtì, wọ́n á gbé ìyá sálọ, ẹ ó sì rí òkìtì mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oògùn oníhóró kan tún wà tí ó ní fipronil, tí a ń fọ́n kárí ilẹ̀ tí a sì ń fi omi tẹ̀ lé. Òun bá omi koríko tuntun rẹ́ dáadáa. Ó wọ́n, ó ń gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè tó ọdún kan. Bí apá yín bá ká a, tí ara àpò sì gbà á fún koríko tuntun, èmi yóò yàn án. Èyí tó wù kí ẹ lò, ẹ má jẹ́ kó ṣàn dé ojú gọ́tà, nítorí gọ́tà Houston kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ omi. Inú odò bayou ló ń já sí, láti ibẹ̀ lọ sí Galveston Bay.

Nígbà tí omi bá ti di ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àyè ìjẹ ti ṣí. Ẹ yan ọjọ́ tí koríko gbẹ, tí òjò kò sí nínú ìròyìn ojú ọjọ́ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ afọ́nmi. Kí ẹ tó fọ́n ọn, ẹ dán wọn wò bóyá ebi ń pa wọ́n. Chips ọ̀dùnkún ni wọ́n sábà máa ń ní kí a lò. Ìpékeré la fi ń ṣe é nílé tiwa. Ẹ gbé díẹ̀ sílẹ̀ nítòsí òkìtì. Bí èèrà bá ti bò ó kí ìdajì wákàtí tó pé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó yà á wò, ó ṣeé ṣe kí ooru tàbí òtútù pọ̀ jù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde wá oúnjẹ. Ẹ gbóòórùn ìjẹ náà pẹ̀lú. Àpò tó ti ṣí láti ọdún tó kọjá, tí epo rẹ̀ ti kan, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Ohun tí ó ya mi lẹ́nu jù ni bí ó ti kéré tó. Ọ̀pọ̀ ìjẹ kì í gbà ju pọ́ùn kan sí pọ́ùn kan àbọ̀ fún éékà odidi. Pápá tí ó jẹ́ 5,000 ẹsẹ̀ níbùú-lóòró (square feet) kò ní gbà ju nǹkan bí áńsì mẹ́ta lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ ìfọ́nká kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí, ẹ rìn kiri pápá lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fọ́n ọn ká gbogbo ilẹ̀, kì í ṣe orí òkìtì nìkan. Èèrà ló mọ ibi tí yóò gbé e gbà. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, òkìtì tó bá ṣì ń yọni lẹ́nu ni ẹ ó wá da oògùn olómi sí. Ìpele méjì yìí ni àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Texas A&M AgriLife Extension ń kọ́ àwọn ará ìpínlẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: nígbà ìrúwé àti lóṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Ó máa ń dára bí ilé mẹ́rin márùn-ún bá ṣe é lọ́jọ́ kan náà, nítorí èèrà tó wà lọ́dọ̀ aládùúgbò kò mọ ibi tí ìlà fẹ́ǹsì wà.

Ẹ má retí pé wọn yóò tán pátápátá láé. Lọ́dún 2017, nígbà tí ìjì Harvey fi omi bo ìlú yìí, èèrà iná so ara wọn pọ̀ bí ẹní, wọ́n gbé ìyá àti ìdin wọn sáàárín, wọ́n sì léfòó lórí omi títí wọ́n fi rí ilẹ̀ gbígbẹ.

Èpò

Èyí kò gùn, nítorí sùúrù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú oṣù kìíní, ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi fà á, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di koríko mọ́lẹ̀ kó má bàa bá a jáde. Ọ̀pọ̀ èpò tó yọ lójú ibi tí koríko ti pàdé yóò kú fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti ń gé koríko déédéé tí koríko sì ń fẹ̀ bò ó. Ewé róbótó bí owó kọ́bọ̀, tí igi rẹ̀ dúró láàárín bí ti agbòòrùn, omi àpọ̀jù ló ń sọ fún yín. Ẹ dín omi kù kí ẹ tó ra oògùn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé koríko bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ lè ronú oògùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Koríko ni kí ẹ wò kí ẹ tó yan oògùn. Atrazine tí St. Augustine ń gbà yóò ba Bermuda jẹ́. 2,4-D tí Bermuda ń gbà lè jó St. Augustine, pàápàá bí ooru bá ti kọjá 85 lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Glyphosate kò mọ ẹni kankan, gbogbo ewé ló ń pa. Oògùn tí ó ń dí irúgbìn èpò lọ́wọ́ láti hù ń dí gbòǹgbò tuntun lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ títí koríko yóò fi gbilẹ̀. Koríko tí ẹ tẹ́ lóṣù Karùn-ún lè gba tirẹ̀ lóṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, kí ilẹ̀ tó móoru.

Èpò kan wà tí ó yẹ kí n yà sọ́tọ̀. Ó ga ju koríko lọ lọ́jọ́ kejì tí ẹ gé e, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ pọ́n díẹ̀, bí ẹ bá sì yí igi rẹ̀ láàárín ìka, ẹ ó mọ̀ pé ojú mẹ́ta ló ní. Nutsedge ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá fà á, yóò já, àwọn kóró tó wà nísàlẹ̀ yóò sì jí. Ẹni tó bá ń fà á láìsinmi, nígbà tí ó ṣì kéré, lè dá a lágara. Bó bá ti pọ̀, oògùn tí ó ní halosulfuron ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí koríko bá ti rídìí.

Ìyá mi wá láti Ìbàdàn lọ́dún tí a bí àbíkẹ́yìn wa. Ó bá mi níta níbi tí mo ti ń fi ọ̀bẹ wa èpò yìí, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn kóró náà, ó fi ìka nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó sì wò mí. “Ọ̀fìọ̀ lẹ ń fowó ra oògùn pa?” Òótọ́ ló sọ. Èyí tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀fìọ̀ tí a ń jẹ, àfi pé èyí tí a ń gbìn tóbi ó sì dùn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi kan ẹnu, nítorí oògùn tí mo ti fọ́n síbẹ̀ kò tíì pé oṣù kan.